Òtútù Orí Òkè àti Iná Inú Àgọ́

Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé àwọn ìdílé mélòó kan láàrin wa ń pète láti kó àwọn ọmọ wọn lọ pàgọ́ sí orí òkè Obudu nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ni a ti ń rò ó pé ó yẹ kí a kọ ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀ràn náà kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Kì í ṣe pé a fẹ́ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun rere ni kí ọmọ tí a bí sí Port Harcourt, tí kò mọ̀ ju ẹrẹ̀ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ojú ọ̀nà East-West lọ, lọ wo ibi tí òkè gbé jókòó lé òkè. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé Alakahia, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò jìnnà sí òkun, a kò mọ òtútù. Ọyẹ́ tí ó máa ń fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa fún ọjọ́ díẹ̀ ní Oṣù Kejìlá tàbí Oṣù Kìn-ín-ní, tí a ń tìtorí rẹ̀ fi òróró pa ètè, kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù orí òkè. Ohun tí ènìyàn kò bá sì mọ̀ ni ó máa ń bá a lójijì.

Fún àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ rí, òkè tí a ń wí yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obanliku, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́bàá ààlà Cameroon. Ọ̀nà kan tí a lè gbà láti ọ̀dọ̀ wa ni ti Aba, Umuahia, Okigwe àti Enugu, kí a tó yà sí Abakaliki àti Ogoja. Ọ̀nà jíjìn ni. Kí bàbá kan má ṣe rò pé òun yóò jáde nílé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí òun sì fi ojúmọmọ ọjọ́ náà pàgọ́. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ sùn ní Ogoja tàbí ní ìlú Obudu, kí ẹ lè gun òkè náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀nà tí ó gun òkè tó kìlómítà 11, ó sì ní kọ́nà 22 tí ó lọ́ bí ejò. Wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà síbẹ̀ ní 2005 láti máa gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má ṣe gbára lé e.

Oko màlúù orí òkè náà ga tó mítà 1,576 sí ojú òkun. Ní 1949, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ M. McCaughley, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sísin màlúù, gun òkè yìí, ó pàgọ́ síbẹ̀ fún bí oṣù kan, ó ń yẹ ilẹ̀ wò. Ní 1951 ó padà wá pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Hugh Jones, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko màlúù tí ó sọ ibẹ̀ di olókìkí. Òtútù tí a ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa bá màlúù lára mu, nítorí pé eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri kì í fẹ́ irú ibẹ̀.

Àwọn Becheve ni onílẹ̀. Wọ́n ti ń gbé orí òkè náà kí màlúù òyìnbó tó dé. Ẹ kí wọn bí a ti ń kí onílé, kí ẹ sì béèrè ibi tí ẹ lè pàgọ́ sí. Àlejò ni àwa náà lórí ilẹ̀ Ikwerre níhìn-ín, a sì mọ bí ó ti ń rí lára onílẹ̀ nígbà tí àlejò bá wọlé tí kò kí ẹnikẹ́ni.

Nítòsí àwọn òkè wọ̀nyí ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Cross River wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Ó pín sí ọ̀nà méjì, Oban àti Okwangwo. Okwangwo ni ó sún mọ́ Obudu, òun ni ó sì bá igbó Takamanda ti Cameroon pààlà. Nínú àwọn igbó wọ̀nyẹn ni ìnàkí tí a ń pè ní ti Cross River ń gbé, tí gbogbo iye rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì kò tó 300. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú ọgbà náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání. Kò sí gígé igi níbẹ̀, kò sí dídá iná sí ibi tí ó bá wuni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi tí a ti ń wá ẹran ìgbẹ́ rà. A mọ ohun tí a ń sọ nígbà tí a bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn.

ÈÉ ṢE TÍ ORÍ ÒKÈ FI TUTÙ?

Ọmọ kan lè béèrè pé, bí orí òkè bá sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, kí ló dé tí kò fi gbóná jù ọ̀dọ̀ wa lọ? Ìbéèrè rere ni, kí àgbà má sì ṣe fi ìbínú dáhùn nítorí pé òun kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn kì í kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ gbóná. Ilẹ̀ ni ó ń mú gbóná, ilẹ̀ sì ń mú afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ gbóná. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ń gòkè, ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ ń fúyẹ́, ó ń tú ká, bí ó sì ti ń tú ká bẹ́ẹ̀ ni ó ń tutù. Ẹni tí ó bá ti tẹ ẹnu táyà mọ́tò rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ń sá jáde níbẹ̀ tutù sí ọwọ́.

Bí a bá ṣírò rẹ̀, ní gbogbo mítà 1,000 tí a bá gùn, ooru afẹ́fẹ́ máa ń fi bí ìwọ̀n 6.5 lọ sílẹ̀. (Gbogbo ìwọ̀n tí a kọ sínú ẹ̀kọ́ yìí, ti Celsius ni.) Obudu ga ju mítà 1,500 lọ, Alakahia sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ìyẹn ni pé, ní òru tí ó bá jẹ́ ìwọ̀n 25 níhìn-ín, tí olúkúlùkù bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ tí ó ń wá abẹ̀bẹ̀, ó lè jẹ́ ìwọ̀n 15 lórí òkè ní wákàtí kan náà, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ rárá. Àwọn bàbá tí iṣẹ́ ìjọba gbé dé Jos nígbà kan rí mọ ohun tí a ń wí, bẹ́ẹ̀ ni Jos kò ga tó Obudu.

Kùrukùru ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tí ó ti ojú òkun wá kún fún ọ̀rinrin. Nígbà tí òkè bá dí i lọ́nà, kò ní ibòmíràn tí yóò gbà bí kò ṣe òkè. Ó ń gùn ún, ó ń tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì ń di ẹ̀kán omi kéékèèké, gẹ́gẹ́ bí omi ti ń so mọ́ abẹ́ ọmọrí ìkòkò. Àwọsánmà gan-an ni kùrukùru orí òkè. Ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀, inú àwọsánmà ni ó wà. Òjò kò rọ̀, síbẹ̀ ẹ̀wù tutù, irun orí tutù, kúbùsù tí a gbàgbé sí ẹnu àgọ́ sì rin gbingbin. Ó sì ń di ojú pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ènìyàn kì í rí ẹni tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí i. Nítorí náà kí ọmọ kankan má ṣe kúrò ní sàkáání àgọ́ láìsí àgbà, kí ẹ sì fi fèrè kọ́ olúkúlùkù ọmọ lọ́rùn, kí ẹ kọ́ ọ pé, bí ó bá ṣìnà, kí ó dúró sí ojú kan kí ó máa fọn ọ́n.

BÍ ÒTÚTÙ TI Ń MÚ ARA

Àwọn kan rò pé ilẹ̀ yìnyín nìkan ni òtútù ti lè pa ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 37 ni ara ènìyàn máa ń gbóná dé; bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti wọlé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù, tí kò sì jẹun, lè bọ́ sínú ewu yìí ní ibi tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ gbé jẹ́ 10, níbi tí omi kankan kò ti dì. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po bí 25 ju afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí aṣọ tútù fi burú ju àìsí aṣọ púpọ̀ lọ.

Gbígbọ̀n ni àmì àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ṣì ń jà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ kì yóò lè di nǹkan mú mọ́. Kò ní lè so okùn bàtà, kò ní lè de bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa fà bí ti ẹni tí oorun ń kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa kọ, a máa bínú láìnídìí tàbí kí ó lọ dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìyá kan bá rí i pé ọmọ tí ó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ti dẹ́kun gbígbọ̀n, tí ara rẹ̀ kò sì tíì móoru, kí ó má ṣe máa dúpẹ́. Ìgbà náà gan-an ni kí ó ké sí àwọn ẹlòmíràn. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára ọmọ náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo gbogbo ara rẹ̀ títí kan orí, kí àgbà kan gbé e mọ́ àyà nínú kúbùsù kan náà. Bí ojú rẹ̀ bá mọ́, tí ó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní tíì lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ tí ó ní ṣúgà. Ẹ má ṣe fi agbára ra ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé e sún mọ́ iná gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà.

A ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Orílẹ̀-èdè wa ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù lọ ní ayé, kò sì sí ìjọ tí kò ní wọn. Òtútù wà lára àwọn ohun tí ó máa ń dá ìrora egungun sílẹ̀ fún wọn, àárẹ̀ àti àìmu omi tó náà sì wà níbẹ̀. Kí òbí kankan má ṣe mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gun òkè láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níhìn-ín ní Alakahia, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Lórí òkè kò sí irú rẹ̀ nítòsí. Bákan náà ni kí ẹ ṣe pẹ̀lú ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Ní ti ọtí líle tí àwọn ọkùnrin máa ń sọ pé ó ń lé òtútù: ó ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ sílẹ̀, ara sì dàbí ẹni pé ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ooru inú ni ó ń tú jáde. Ẹ fi ògógóró sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè.

AṢỌ ÀTI IBÙSÙN

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Kò yẹ kí ìdílé kan ná owó gọbọi lórí aṣọ òtútù nígbà tí a ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé ìlú Okrika, tí ó fún aṣọ òkìrìkà ní orúkọ. Ní ọjà Mile 3 tàbí ti Rumuokoro, ẹ ó rí súwẹ́tà olówùú àgùntàn tí kò sí ẹni tí ń rà á nítorí ooru ibí. Owú àgùntàn ṣì máa ń pa ooru mọ́ díẹ̀ nígbà tí ó bá rin. Òwú lásán, irú èyí tí a fi ṣe bùbá àti síńgílẹ́ẹ̀tì wa, a máa mu omi a sì máa lẹ̀ mọ́ ara. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra sàn ju ọ̀kan tí ó nípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín wọn ni ó ń mú ara móoru. Ẹ mú ẹ̀wù òjò, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí ẹ di aṣọ tí ẹ ó fi sùn sínú náílọ̀n, kí ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ rìn lọ́sàn-án rárá.

Ilẹ̀ ń fa ooru ènìyàn ju bí a ti rò lọ. A rí àwọn kan tí wọ́n kó kúbùsù mẹ́rin bo ara, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sí abẹ́. Ẹ tẹ́ tàpólì sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ fóòmù lé e, kí kúbùsù kan sì wà lábẹ́ yín. Àgọ́ kékeré tí gbogbo ìdílé kún sàn ju àgbàlá aláṣọ lọ. Ẹ jẹun kí ẹ tó sùn, nítorí oúnjẹ ni igi ìdáná ara. Ẹ sì mọ̀ pé lórí òkè tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, bí ìwọ̀n 95 ni omi ti ń hó dípò 100. Ẹ̀wà yóò pẹ́ lórí iná títí àwọn ọmọ yóò fi sunkún. Ẹ sè é láti ilé, tàbí kí ẹ mú ògì àti àkàrà.

INÁ INÚ ÀGỌ́

A dé ibi tí a torí rẹ̀ mú kálámù. Ní wákàtí bí méjì òru, nígbà tí ọmọ tí ó kéré jù bá ń sunkún òtútù, èrò tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ọkàn àgbà ni pé kí òun gbé àdògán èédú wọ inú àgọ́. Iná náà ti jó tán, kò rú èéfín mọ́, èédú rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀. Kí ni ó burú níbẹ̀? Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé èédú tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú, kì í mú ni húkọ́. Bí a bá mí i sínú, ẹ̀jẹ̀ máa ń dì mọ́ ọn ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ó ti ń dì mọ́ ọ́síjìn, èyí tí a fi ń wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé kì í ṣe ìyè.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ nípa ìdílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tí àwọn aládùúgbò sì já ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ tí wọn kò bá ẹni kan láàyè? Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Àgọ́ sì burú ju yàrá lọ, nítorí pé ó kéré, a ti fa síìpù rẹ̀ pa nítorí òtútù, aṣọ rẹ̀ tí kùrukùru ti rin kì í sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Ní ilẹ̀ Bírítéènì, níbi tí pípàgọ́ ti jẹ́ eré ọ̀pọ̀ ìdílé, ààrò èédú kékeré tí wọ́n fi yan ẹran ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n wá gbé wọlé nítorí ooru rẹ̀, ti pa àwọn ènìyàn lójú oorun.

Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò fi ẹnu àgọ́ sílẹ̀ díẹ̀, kò tó. Ẹni tí ó bá sọ pé sítóòfù kẹrosíìnì ni tòun, ọ̀kan náà ni. Ẹni tí ó bá tan mọ́tò kí ooru rẹ̀ lè mú àwọn ọmọ sùn nínú rẹ̀, òun náà wà nínú ewu. Àwọn tí wọ́n yá iná èédú ní òru òtútù ọjọ́ tí Peteru dúró láàrin wọn, inú àgbàlá ni wọ́n dá a sí, lábẹ́ ọ̀run.

Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé àwọn àmì rẹ̀ jọ ti ibà: orí fífọ́, òòyì, èébì, àìlágbára, oorun tí kò ṣe é kọ̀. Bàbá lè rò pé ìrìn-àjò ni ó rẹ òun. Ṣùgbọ́n bí orí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àgọ́ kan tí iná wà níbẹ̀, ibà kọ́. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde sí ìta kí ẹ tó jiyàn. Bí ẹ bá bá ẹni tí kò dáhùn nínú àgọ́, ẹ ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ẹ fa onítọ̀hún jáde, kí ẹni tí ń fà á má ṣe pẹ́ nínú rẹ̀. Epo pupa kì í ṣe oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé náà wà, kò sí nínú ikùn. Ilé ìwòsàn ni ibi rẹ̀, kódà bí ó bá ti lajú, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èédú ni.

Kí ni kí a wá ṣe fún ọmọ tí ń sunkún? Ẹ dá iná sí ìta, sí ibi tí onílẹ̀ bá fi hàn yín, kí ẹ se omi lórí rẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn. Ẹ dà á sínú ike líle tí ìdérí rẹ̀ kì í jò, ẹ fi tówẹ̀lì wé e, kí ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Omi yìí yóò móoru fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí ọmọ yá iná ní ìta kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná, nítorí kúbùsù kì í dá ooru sílẹ̀. Èyí tí ó bá lára ni ó ń pa mọ́. Kí àwọn ọmọ sùn sí àárín, kí bàbá àti ìyá sùn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí gbogbo èyí kò bá sì ran ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé tí a fi bíríkì kọ́, ní oko màlúù tàbí ní ilé ẹnìkan nínú àwọn Becheve, kí ẹ kanlẹ̀kùn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí awakọ̀ lo jíà kékeré ní kọ́nà méjìlélógún náà, kí ó má ṣe tẹ bíréékì láìsinmi títí yóò fi gbóná. Etí àwọn ọmọ yóò dí. Ẹ fún wọn ní nǹkan jẹ kí wọ́n máa gbé mì. Nígbà tí ẹ bá dé Alakahia, ẹ sá àgọ́ sí oòrùn kí ẹ tó ká a pamọ́, nítorí àgọ́ tí a bá ká ní tútù a máa bu.